Ọdún Tí Ìyá Etíkun Gbé Lọ́dọ̀ Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìlú wo ni mo mọ̀ jù láyé, èmi tí wọ́n bí sí Adja-Ouèrè, tí mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀, tí mo sì fẹ́ ọkọ sí Ikpinlè, ìlú kan tí n kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ rí ni ǹ bá sọ. Mo mọ òpópó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mọ ibi tí ọjà rẹ̀ wà, mo mọ igi tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, mo mọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Inú eérú ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá tó bí ìyá mi ló ń da eérú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, tí wọ́n ń fi ìka ya ìlú wọn fún mi, lọ́dún kan ṣoṣo tí wọ́n gbé lọ́dọ̀ wa, nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí. Ọmọ mi obìnrin, Ràfíátù, ti pé ọdún mẹ́rin, ìbéèrè rẹ̀ kò sì lópin. Níjọ́ kan tí mo ń dì í nírun, ó ní, "Màmá, ìyá ìyá yín ńkọ́?" Ọwọ́ mi dúró lórí irun. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ ti sùn ni?"

Agbo ilé wa kì í dákẹ́ nígbà náà. Kí oòrùn tó yọ tán, ayùn bàbá mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í han, nítorí gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, abẹ́ òrùlé páànù kan níwájú ilé ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbálẹ̀ ìyá mi á máa dún ṣàà, ṣàà. Àwọn ewúrẹ́ á máa jà sí èèpo ẹ̀gẹ́. Ní òdìkejì ọ̀nà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo á bú ramúramù, á sì máa bú bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tó borí gbogbo wọn, ohùn Ìyá Ràbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ọkọ Ìyá Ràbí ti kú, wọ́n ti padà sílé bàbá wọn, àwọn ni wọ́n sì ni ẹbu tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa. Obìnrin gíga ni wọ́n, epo ti pa ọwọ́ wọn láró pupa títí dé ìgúnpá, ẹnu wọn kò sì ní ìlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá pe "Nímọ́tà!" láti ẹbu, àwọn adìẹ pàápàá á sáré. Èmi ni wọ́n ń pè. Iṣẹ́ mi ni láti pọn omi lọ síbẹ̀, kí n ṣa ẹ̀kùrọ́, kí n sì sá ògùṣọ̀ sí oòrùn kó lè gbẹ fún dídá iná. Mo máa ń kùn nígbà náà. Lónìí, bí mo bá gbóòórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbé korobá sórí kí n máa lọ.

Àárín ìdílé yìí ni ìyá mi mú ìyá wọn wá. Ìlú kékeré kan létí òkun, lọ́nà Tógò lọ́hùn-ún, ni ìyá àgbà náà ń gbé. Òkun ń jẹ ìlú yẹn díẹ̀díẹ̀, bí eku ṣe ń jẹ etí aṣọ. Ilé méjì ló wà láàárín ilé wọn àti omi tẹ́lẹ̀. Òkun mú ọ̀kan kí wọ́n tó bí mi, ó sì mú èkejì lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Àwọn ará mẹrí, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri, wọ́n ní kí oníkálukú wá ibi gbà. Ìyá mi wọkọ̀ lọ bẹ ìyá àgbà náà, ó di ìgbà kẹta kí wọ́n tó gbà láti wá. Kò sí ẹni tó lè pe orúkọ ìlú náà dáadáa nínú agbo ilé wa; bí gbogbo ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Etíkun nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pé kí ìyá ìyàwó máa gbé ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, pẹ̀lú èérún igi nínú irun. Ìyá Etíkun á máa rẹ́rìn-ín: "Dìde, àna mi, dìde. Bí o bá ń dọ̀bálẹ̀ báyìí lójoojúmọ́, ta ni yóò parí bẹ́ẹ̀dì oníbẹ́ẹ̀dì?"

Wọn kò ráhùn púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ: "Ilẹ̀ yín yìí kò mí." Lójú tèmi, ilẹ̀ kì í mí níbì kankan, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Títí tí mo fi ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, Ìyá Etíkun á gbé àpótí wọn sọdá, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n á di ojú, ìyẹ̀fun á máa bà lé wọn lórí. Àwọn tó wá lọ àgbàdo á máa kí wọn, wọn kò ní dáhùn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó fẹ́ jọ ọ́. Kò jọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ó fẹ́ jọ ọ́." Òkun ni wọ́n ń sọ. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn jókòó ti ohun tó fẹ́ jọ ohun tí ó ń wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí àdògán bá ti tutù, wọ́n á kó eérú jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní. "Wò ó, Nímọ́tà. Òkun rè é." Wọ́n á fa ìlà kan. "Ọ̀sà rè é lẹ́yìn." Wọ́n á fa òmíràn. "Àárín méjèèjì la wà, bí ẹ̀wà nínú búrẹ́dì." Lẹ́yìn náà ni àwọn òpópó: Òpópó Oníyọ̀, Òpópó Àgbọn, Òpópó Mọ́sálásí, Òpópó Ọ̀sà. Wọ́n á yà wọ́n tán, wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu Òpópó Oníyọ̀ kúrò. "Èyí ti lọ."

"Ibo ló lọ?"

"Ó wà nínú omi. Àwọn ẹja ló ń tajà níbẹ̀ báyìí."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiwọn máa ń tètè tán. Wọ́n sọ fún mi pé Yorùbá ni bàbá bàbá wọn, ó ń tẹ̀lé epo kiri ni ó fi dé etíkun. "Láti apá ọ̀dọ̀ yín níbí ni epo ti ń wá nígbà yẹn. Wọ́n á yí àgbá rẹ̀ lórí ilẹ̀ títí dé etí omi. Àwọn òyìnbó kọ́ ilé ńláńlá síbẹ̀ láti fi kó o pamọ́. Epo yín ló sọ wá di ìlú, Nímọ́tà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó kò wá mọ́, àwọn ilé náà ṣófo, àdán kó wọ̀ wọ́n. Okùn ló kù fún wa."

Okùn àwọ̀n ni wọ́n ń sọ. Láàárọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan á gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, á fi í yí omi ká bí apá tó gbá ọmọ mọ́ra, á sì mú orí okùn méjèèjì padà sí etíkun. Ìlú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ó lè tó ìdajì ọjọ́ kí àwọ̀n tó dé ilẹ̀. Mo béèrè pé ta ló ń fà á.

"Ẹni tó bá wà níbẹ̀. Àgbà, ọmọdé, àlejò tó ń kọjá lọ tó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. A kì í ké sí ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti fi ọwọ́ kan okùn, ará ìlú ni ọ́ lọ́jọ́ yẹn, o ní ìpín. Ẹni méjì tó bá ń bára wọn jà, olórí àwọ̀n á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí okùn. Kí ẹja tó dé, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí wọ́n bá wá da ẹja sílẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ bu tìrẹ, lójú gbogbo ènìyàn. O kò ní tọrọ. Ọ̀lẹ ní í tọrọ."

"Bí ẹnì kan bá bù jù ńkọ́?"

"Ojú gbogbo wa ni ìwọ̀n."

Tiwa yàtọ̀. Ní Adja-Ouèrè àti ní gbogbo oko tó yí i ká, láti Kpoulou dé Oko-Akarè, àáró là ń ṣe. Mo bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, wàá bá mi ṣe tèmi lọ́jọ́ mìíràn. Wàá jẹ oúnjẹ oníṣẹ́, wàá mu omi rẹ̀, wàá bá a ṣeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni wàá fi lọ sílé. Ẹni tó bá gbé nǹkan lọ ti ba àáró jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọ ní èyí lọ́dọ̀ wa, à ń mu ún mọ́ ọmú ni. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíìn ni. Mo ti gbọ́ òwe yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ó tó wá ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ọjọ́ àáró ńlá kan ni, ní àkókò ẹyìn. Ìyá mi ti lọ sí ọjà Pobè. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ti wà ní ẹbu, wọ́n ti se ẹyìn, wọ́n ti dà á sínú kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó pe Ìyá Etíkun. Wọ́n kàn dé, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n sì wọ inú kòtò. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ìyá Etíkun kọ́ wọn ní orin tí wọ́n fi ń fa okùn, ẹsẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbì, gbì, débi pé Ìyá Ràbí fúnra wọn pariwo pé, "Ẹ wò ó, arúgbó etíkun ń fi yín sẹ́yìn, ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí!" N kò rí Ìyá Etíkun kí inú wọn dùn tó báyẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n tẹ ẹyìn, wọ́n gbọ́n ìfófòó epo, wọ́n dúró ti iná, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí epo jiná tó sì rọlẹ̀, Ìyá Ràbí lọ kí ìrun àsárì. Ìyá Etíkun wọ inú ilé, wọ́n mú abọ́ wọn jáde, wọ́n sì bu epo, abọ́ kan péré, lójú gbogbo ènìyàn.

Ìyá Ràbí padà dé, omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lójú wọn.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn, Ìyá Etíkun?"

"Mò ń bu ìpín mi."

"Ìpín kẹ̀? Ta ló pín in?"

"Ọwọ́ mi ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀."

"Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́!" obìnrin kan kígbe, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ràbí kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹnikẹ́ni kì í bu epo ní ẹbu yìí bí mi ò bá fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bu nǹkan oníǹkan nígbà tí oníǹkan kò sí níbẹ̀, kí là ń pè é?" Wọn kò dárúkọ ohun tí à ń pè é. Ọmọ kan láàárín àwa ọmọdé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Olè!" Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Ìyá Etíkun yíjú sí mi. "Nímọ́tà, sọ fún wọn. O mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ okùn, mo mọ àáró. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní ẹbu lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wò mí, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ojú tì mí pé ìyá àgbà mi ni. Mo ní, "N kò mọ̀."

Ìyá Etíkun wò mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n da epo náà padà sínú ìkòkò, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà ta sílẹ̀. Wọ́n fi ìka nu etí abọ́ náà yípo, wọ́n wo ìka wọn, wọ́n sì rọra nu ún sí etí ìkòkò náà pẹ̀lú. Wọn kò gbé ẹ̀kán kan lọ.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ju òòlù sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn kò sì dìde. Ìyá mi dé láti ọjà, ó ṣàlàyé òfin okùn fún Ìyá Ràbí pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n Ìyá Ràbí ní, "Ìyàwó, o ń gbèjà ìyá rẹ. Èmi náà ìbá gbèjà tèmi." Bàbá mi bẹ̀, ìyá mi bẹ̀. Ìyá Etíkun ní, "Àna mi, o kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà kò ṣẹ̀ mí. Nǹkan rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ní láti gbàṣẹ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, àlejò ni mí níbẹ̀. Mo ti dàgbà jù fún àlejò. Ilé mi ṣì dúró. Jẹ́ kí òkun bá mi nílé." Lọ́jọ́ kẹta, sémìjan kan wá gbé wọn lọ sí ibi ọkọ̀. Kí wọ́n tó gun alùpùpù náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe láràárọ̀, wọn kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

N kò lè sọ bí agbo ilé yẹn ṣe ṣófo tó, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, mo máa ń bẹ̀rù láti wo òdìkejì ọ̀nà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí di ìrọ̀lẹ́ kan tí èmi àti Ìyá Ràbí nìkan ń ṣa ẹ̀kùrọ́ ní ẹbu. Mo ní, "Ìyá Ràbí, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Lọ́jọ́ yẹn. Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni mo pa."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: okùn, àwọ̀n, àlejò tó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, bí oníkálukú ṣe ń bu tirẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa nà mí. Ìyá Ràbí da ẹ̀kùrọ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí ìyá rẹ sọ nìyí, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Mo sọ pé ó ń gbèjà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ka ọjọ́ oṣù. "Ó dáa. Ní tiwọn, wọn kò jalè. Ní tiwa wá ńkọ́? Wọ́n wọ kòtò mi láàárọ̀, wọ́n jáde nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi lọ. Ta ló ti bá wọn ṣe tiwọn?"

"Kò sẹ́ni."

Ìyá Ràbí fi ọwọ́ pupa yẹn lé orí. "Áà! Èmi ni mo jẹ àáró! Èmi, ọmọ bàbá mi, ni mo jẹ àáró arúgbó!" Lọ́dọ̀ wa, ojú lásán ní í ti olè, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ àáró, bó bá kú, àwọn ènìyàn kì í yára wá sínkú rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n kó obìnrin mẹ́fà jọ nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ẹbu, pẹ̀lú òṣùká àti okùn, láti lọ san àáró náà létíkun. Bàbá mi gbé òòlù àti ayùn. Wọ́n háyà báṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Mo di ara ọkọ̀ náà mú, mo ní kí wọ́n mú mi lọ.

"Ibo lo máa jókòó sí?" Ìyá Ràbí ní. "Lórí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Sọ̀ kalẹ̀, jọ̀wọ́. Ìyá rẹ lóyún, ta ni yóò pọnmi fún un?"

Òótọ́ ni, ọkọ̀ ti kún. Mo sáré tẹ̀lé e dé ibi tí ọ̀nà ti yà, mo dúró nínú eruku títí n kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe súnmọ́ ìlú yẹn tó láyé mi nìyẹn. Ìyá Etíkun kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Wọ́n lo ọdún díẹ̀ sí i lọ́hùn-ún, lápá ọ̀sà, mò ń gbọ́ ohùn wọn nínú pọ́tábù bí ìyá mi bá pè wọ́n nígbà ọdún, tí wọ́n ń pariwo bí ẹni pé èmi ni mo wà nínú omi. Wọ́n kú nígbà tí mò ń ṣe ìdánwò. Wọ́n sin wọ́n kí n tó gbọ́. Ìyá mi sọ pé omi ti dé Òpópó Mọ́sálásí báyìí. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé a máa lọ, kí Ràfíátù rí i kí ó tó tán. Ọdún ń yí lu ọdún, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn, a kò tíì lọ.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n lọ ni báṣé náà padà dé. Ìyá Ràbí ti ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tú ilé Ìyá Etíkun, wọ́n ní: ilẹ̀kùn, fèrèsé, páànù, gbogbo rẹ̀, wọ́n rù ú sórí kọjá òpópó mẹ́ta dé ilẹ̀ tuntun lápá ọ̀sà, bàbá mi sì tún un kàn. "Àwọn ènìyàn yẹn kì í dúró kí a pè wọ́n! A ń ru igi, mo wẹ̀yìn, ogún ènìyàn ló ti ń bá wa rù ú. N kò mọ ọ̀kan nínú wọn!" Lọ́jọ́ kejì wọ́n bá ìlú fa okùn. Ìyá Ràbí na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí wa. Ó ti bó. "Wọ́n ní kí n lọ bu tèmi. Mo lọ. Ojú ń tì mí bí ìyàwó tuntun."

Agbọ̀n ẹja sísun ni wọ́n bù bọ̀, gbogbo agbo ilé sì pín in. Nígbà tó kù èmi nìkan lọ́dọ̀ wọn, Ìyá Ràbí fa nǹkan kan yọ lábẹ́ ìró wọn, tí wọ́n fi bébà sìmẹ́ńtì wé. Wọ́n ní, "Ìpín tìrẹ nìyí."

"Ta ló ní kí ẹ fún mi?"

"Ìyá àgbà rẹ bi mí pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ okùn fún mi. Mo ní ìwọ ni."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n padà sídìí ẹja, wọ́n lọ bu ọ̀kan sí i."

Ẹja náà gùn ju apá mi lọ, iyọ̀ ti gbẹ sí i lára. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ó yẹ kí n gbé orí rẹ̀ fún bàbá mi, kí n bù fún ìyá mi, kí n fún àwọn ọmọ ilé. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ẹbu, mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán, títí dé egungun. N kò fún ẹnikẹ́ni.